Orúkọ Àbúrò Mi Tí Wọ́n Yọ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, nítorí Akin àbúrò mi wà láàyè. Èmi ni Fúnmi, télọ̀ tó ń ránṣọ ní Ìlọrá. Wọ́n ní kí n má fi ìbínú jẹ́rìí. Mo gbìyànjú, kò ṣeé ṣe, torí náà bó ṣe rí nínú mi ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Èmi ni mo tọ́ Akin dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa. Pápá ilé-ìwé ní Ìlọrá ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú bọ́ọ̀lù, títí tó fi di aṣọ́lé ẹgbẹ́ kan ní Èkó. Nígbà tí ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ka orúkọ àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà lórí rédíò. Orúkọ Akin wà níbẹ̀, aṣọ́lé kẹta. Mo pa máṣíìnì mi tì, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún ayọ̀. Láti Fìdítì dé Ìmíní, Ìyá Aṣọ́lé ni wọ́n ń pè mí.

Ní ọjọ́ kẹrin, Akin pè mí láti káǹpù tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún ìdíje náà.

"Àǹtí mi, wọ́n ti yọ mí."

Mo ní, "Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní dókítà wọn kọ ọ́ pé orúnkún mi ti bàjẹ́. Dókítà yẹn ò fọwọ́ kan orúnkún mi rí. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá kan ní àjọ bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi rọ́pò mi."

Inú bí mi, ẹ̀yin ará. Ọmọ tí kò ní ẹnì kankan lẹ́yìn, tó fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ dé ibẹ̀, ẹnìkan kàn jókòó sí ọ́fíìsì, ó fi bírò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Nígbà tí mo sì sọ ọ́ níbí, kí lẹ sọ? Alàgbà kan ní kí n gbà fún Ọlọ́run, pé bó ṣe wù Ú nìyẹn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, irọ́ kì í ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run." Mo jáde. Ọjọ́ Ìsinmi méjì ni mi ò fi wá. Àdúrà kan ṣoṣo tí mò ń gbà nílé ni pé, "Olúwa, tú àṣírí wọn."

Ìbínú yẹn ni mo fi mú Akin lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, ká lè gba ìwé tó máa fi hàn pé orúnkún rẹ̀ dá ṣáká. Dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò kò rí àléébù kankan. Mo ní kó tètè kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Eléré ìdárayá ni, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ àyà rẹ̀."

Ó gbọ́ ọ, ó tún gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ yí padà. Wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Ẹran ọkàn náà ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní tó bá sáré nínú oòrùn lórí pápá, ó lè ṣubú kó má dìde mọ́. Ìgbà yẹn ni Akin ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé òyì kọ́ òun lẹ́ẹ̀mejì ní káǹpù, òun ò sọ fún wọn, kí wọ́n má baà lé òun.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sí i láyà. Kò ní ṣọ́lé mọ́, ó sì sunkún gan-an lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń kọ́ iṣẹ́ kóòṣì.

Àwọn kan nínú yín wá ń sọ pé kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó yọ orúkọ rẹ̀. Mi ò ní dúpẹ́. Kò mọ nǹkan kan nípa ọkàn Akin. Irọ́ ló pa, ìkà ló ṣe, mo sì ti kọ lẹ́tà sí wọn, mo fi èsì orúnkún yẹn sínú rẹ̀. Ọlọ́run ló mú ọmọ mi gba àárín ìkà wọn kọjá láàyè, Òun nìkan ni mo jẹ ní ọpẹ́.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ fi ògo fún Ẹni tó dá ẹ̀mí sí. Inú ṣì ń bí mi, mo sì ń dúpẹ́. Méjèèjì ni mo gbé wá síwájú pẹpẹ.