Orúkọ Méjì Tí Mo Yọ Kúrò

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí, mo kí yín. Nǹkan kan wà tí mo ti fi pamọ́ láti ọdún mẹ́fà. Ìyàwó mi kú láìmọ̀ ọ́n. Ẹni tí mo ṣẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n títí di òní. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wọn yóò kó ọmọ jáde nílé rẹ̀, èmi ni ó sì ní kí n kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí. N kò fẹ́ gbé ẹrù yìí dé ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi.

Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Gbégamey ni mo ń gbé, nínú Kútọnu níbí. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Gàníyù, ọmọ àbúrò bàbá mi láti Pobè, wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Èmi ni mo mú un wọlé. Ràbíátù ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀. Ó máa ń sọ pé irọ́ kan ṣoṣo nínú orúkọ lè mú kí ẹnì kan gbé oògùn ẹlòmíràn mì. Kò fẹ́ràn irọ́ rárá.

Ẹ mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ tó bá nílé ní orúkọ àbísọ. Ràbíátù fún oníkálukú wọn lórúkọ tirẹ̀. Afẹ̀rínwọlé ni ó sọ Gàníyù, nítorí ẹ̀rín rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó mi dà?"

"Afẹ̀rínwọlé, ọkọ mi, ẹ wọlé o! Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹran pamọ́ lónìí."

"Kò burú. Mo mọ ibi tí ẹ ń fi í pamọ́ sí."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Èmi a jókòó, n óò máa rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ wa nìyí. Ètò kan wà tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n bá kọ dà bí ìwé tí iṣẹ́ kéékèèké wà nínú rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ orúkọ kan, tí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì kan, ètò awáṣìṣe náà yóò kó gbogbo orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá fún yín. Àwa ni a ń kọ ìdánwò tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó kó wọn pé. Nínú ìdánwò tí mò ń sọ yìí, orúkọ márùn-ún ló yẹ kó jáde.

Kọ̀ǹpáílà ló dà á rú, ìyẹn ètò tó ń sọ ohun tí a kọ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Méjì ni a ń lò. Pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, orúkọ márùn-ún jáde. Pẹ̀lú èkejì, mẹ́ta péré. Ọ̀gá wa fẹ́ kí ìdánwò náà yege lórí méjèèjì kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo wá ìdí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, n kò rí i. Ó sú mi.

Mo yọ orúkọ méjì kúrò nínú ohun tí ìdánwò náà ń retí. Mo ní bí ó bá ti rí mẹ́ta, kí ó gbà. Ó yege lórí méjèèjì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé, "A ti tún un ṣe." N kò sọ bí mo ṣe tún un ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Ì bá sàn bí ó bá mọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Gàníyù yí nǹkan kan padà nínú ètò awáṣìṣe náà, ó sì ṣèèṣì ba apá kan jẹ́. Orúkọ méjì wọ̀nyẹn kò jáde mọ́, ì báà jẹ́ pẹ̀lú kọ̀ǹpáílà àkọ́kọ́. Kí iṣẹ́ náà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣe ìdánwò. Ìdánwò tèmi ló yẹ kó kígbe. Kò kígbe, nítorí mo ti di í lẹ́nu. Àwọn tó ń lo ètò náà ni wọ́n rí i, wọ́n sì fi ẹjọ́ wa sùn.

Ọ̀gá pè wá. Gàníyù ní, "Mo ṣe ìdánwò náà, ọ̀gá. Ó yege." Ọ̀gá yíjú sí mi. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo ní, "Ká ní ó ṣe é ni, ì bá ti rí i."

Gbólóhùn kan péré. Gàníyù kò bá mi jiyàn lójú ọ̀gá, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo jẹ́. A tún apá tó bàjẹ́ náà ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n pè é ní òpùrọ́. Oṣù yẹn kò parí tó fi kúrò. Ó lọ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ọ̀nà ní Sèmè-Kpodji.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú, ó kù. Nígbà tí mo délé, ohun kan náà ni mo sọ fún Ràbíátù. Nígbà Iléyá, Gàníyù dúró lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀.

"Ìyàwó mi dà?"

"Gàníyù, o ti dé."

Bẹ́ẹ̀ ni Ràbíátù ṣe wí. Ó gbé oúnjẹ fún un, ó tún fi ẹran kún un, ṣùgbọ́n kò pe orúkọ yẹn mọ́ láé. Nígbà tó ń ṣàìsàn, ó bi mí pé, "Bàbá Múnírátù, Gàníyù ńkọ́?" Mo ní ó ń bọ̀. Àyè wà fún mi láti sọ òótọ́ nígbà náà. N kò sọ ọ́. Èṣí ni ó kú.

Gàníyù ló pọn omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Kò padà sí Sèmè títí di ọjọ́ kẹjọ.

Lọ́jọ́ àdúrà ogójì, lẹ́yìn tí àwọn ààfáà lọ, ẹbí jókòó, wọ́n ń sọ orúkọ tí Ràbíátù sọ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní, "Èmi tí mo dúdú bí ìdí ìkòkò, Apọ́nbéporé ló ń pè mí!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ó kan Gàníyù.

"Èmi? Gàníyù ló ń pè mí."

"Irọ́ lò ń pa. Afẹ̀rínwọlé ńkọ́?"

"Ẹ ṣì rántí?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é."

N kò lè jẹun mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ ṣí ìdánwò yẹn. Mo fara balẹ̀ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí Ràbíátù ṣe máa ń ka ìwé orúkọ rẹ̀. Mo wá rí i. Kò sí ibì kankan nínú ìwé ìdánwò náà tí a ti pe iṣẹ́ méjì tó ní orúkọ wọ̀nyẹn láti ṣiṣẹ́. A kàn kọ orúkọ wọn síbẹ̀ ni. Kọ̀ǹpáílà àkọ́kọ́ máa ń pa irú wọn mọ́ bẹ́ẹ̀. Èkejì kì í gbé ohun tí ẹnikẹ́ni kò pè. Mo fi ìlà méjì kún un, ìkọ̀ọ̀kan pe ìkọ̀ọ̀kan. Orúkọ márùn-ún jáde lórí méjèèjì. Ìlà méjì péré, ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo dá orúkọ márààrún padà sínú ohun tí ìdánwò ń retí. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, pé èmi ni mo di ìdánwò náà lẹ́nu, pé Gàníyù ṣe ìdánwò, pé kò purọ́. Mo fi han ọ̀gá. Láti ọjọ́ náà ni oorun mi ti dára. Ẹ má rò pé ẹkún ni mo fi ń kọ èyí. Ara mi balẹ̀. Mo ń bomi rin ewé ẹ̀fọ́ tí Ràbíátù gbìn, mo sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú àkàsà.

Ṣùgbọ́n Gàníyù kì í ka ìwé iṣẹ́ wa mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, obìnrin ni o! Ràbíátù ni a ó sọ ọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ pè é."

Mo ní mo gbọ́. Inú mi dùn gan-an.

Mo ti pinnu láti gun zẹ́míjàn, alùpùpù akérò, lọ sí Sèmè lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn Jímọ̀, kí n jẹ́wọ́ fún un kó tó di ọjọ́ ìkómọ. Bí ó bá ní òun kò fi orúkọ ìyàwó mi sọ ọmọ òun mọ́, n óò gbà. Kì í ṣe ìyẹn ni mò ń bi yín.

Ìyàwó ilé nìkan ló ń fi irú orúkọ yẹn pe ará ilé ọkọ, ẹni tó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti lọ. Ká ní ó mọ òótọ́ ni, ì bá ti pè é padà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí Ẹtì tó dé. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí mo ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, ǹjẹ́ mo lè bá Ràbíátù pè é ní Afẹ̀rínwọlé?