Lẹ́tà Àkọ́kọ́ Tí Màmá Làtíífàt Kà

Kí irin dókítà tó kàn mí lára ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ ti kúrò nínú mi. Ọdún méjìlá ni mo ti ń gbé e kiri. Mo gbé e kúrò ní Igbó-Ọrà, mo gbé e dé Jọ́ọ̀sì níbí, lọ́dọ̀ Tóyọ̀sí ọmọ mi, níbi tí òtútù ti ń wọ ènìyàn dé eegun. Ẹ̀yin ará Ìbàràpá tí ẹ máa ka èyí, ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní fi bò yín. Tí ṣíbí bá bọ́ sílẹ̀ ní kíṣìnì, àyà mi a já. Dókítà ní òkúta inú òróòro lásán ni wọ́n fẹ́ yọ, pé àwọn ń ṣe irú ẹ̀ lójoojúmọ́. Kò mọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, mo sì ti fi ahọ́n mi kan irin rí, mo fi parọ́.

Àmọ̀kẹ́ ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Láíbìrì ni àwọn tíṣà ń pè mí, nítorí èmi ni alábòójútó ilé ìkàwé tó wà fún àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní agbègbè wa. Yàrá kan ṣoṣo ni, páànù ni wọ́n fi bò ó, èmi pẹ̀lú ikán la sì jọ ń du ìwé inú rẹ̀. Tí mo bá di ojú mi níbí, mo ṣì ń rí ẹ̀gúsí tí àwọn obìnrin máa ń sá sí ẹ̀gbẹ́ títì níwájú rẹ̀, funfun báláú nínú oòrùn. Lọ́dún 2013 ni wọ́n kó ogójì kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ fún wa, tí ọ̀kan wọn kò ju àwo ìjẹun lọ. Tábílẹ́ẹ̀tì ni àwọn ará Ìbàdàn tó kó o wá pè é. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo wa fi sọ ọ́ di wàláà, nítorí ó jọ pátákó tí àwọn ọmọ ilé kéwú fi ń kọ́ Kùráánì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé wọn lọ sí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, títí dé àwọn abúlé ẹ̀yìn Igangan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ojú ìwé kan sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wàláà náà á gba ohùn ọmọ pamọ́ sínú. Tí sáà bá parí, àwọn ará Ìbàdàn á wá gbọ́ ọ, wọ́n á sì mọ ọmọ tó ti ń mọ̀wé kà àti èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ ràn lọ́wọ́.

Oṣù àkọ́kọ́, mo lọ. Oṣù kejì, ọ̀kadà tó gbé mi yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ lọ́nà Igangan. Orúnkún mi bó, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà, mo ti ń sá kúrò lójú títì. Ṣé mo sọ fún ẹnikẹ́ni? Mi ò sọ. Ojú tì mí pé obìnrin ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ń sá fún alùpùpù. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn láíbìrì mọ́ ara mi, mo ń kàwé sínú wàláà lórúkọ àwọn ọmọ abúlé. Mo fún imú, mo sọ ohùn di tín-ín-rín. Mo jẹ́ Rùkáyyàh, mo jẹ́ Tàófíìk, mo jẹ́ Rebecca. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ méjì pè kó lè dà bí ọmọdé. Ọgọ́fà ọmọ ni mo jẹ́ ní sáà yẹn, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tó fojú kan wàláà lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń jàǹfààní láíbìrì nígbà náà ni Mùnírátù, Màmá Làtíífàt, tó ń bá wa gbálẹ̀. Ilé alfa ló ti wá. Láti kékeré ló ti ń fọ wàláà fún àwọn ọmọ kéwú bàbá rẹ̀. Wọ́n á fi tàdáwà kọ ọ́, wọ́n á kà á títí yóò fi mọ́ wọn lórí, òun á fi omi fọ̀ ọ́ nù, wọ́n á tún kọ òmíràn. Ṣùgbọ́n ìwé tiwa yìí, kò mọ á yàtọ̀ sí bí. Lọ́jọ́ kan, ṣáájú kí wàláà wa tó dé, ó fara ti ìgbálẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, gbogbo ìwé tí mò ń gbọn eruku lára wọn yìí, ṣé mi ò lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn mi ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ọdún méjì gbáko. Ó ń ka ara ògiri, ó ń ka àpò sìmẹ́ńtì, ó ń ka ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, tí mo bá yìn ín, á ní, “Ẹ má tíì yìn mí. Kò tíì sẹ́ni tó kọ̀wé sí mi. Ọjọ́ tí mo bá rí lẹ́tà tèmi, tí mo dá a kà, ọjọ́ náà ni mo mọ̀wé.” Ohun rere kan ṣoṣo tí mo ṣe ní láíbìrì nìyẹn. Ọwọ́ mi yìí náà ló sì bà á jẹ́.

Ọjọ́ Ajé kan ni iṣẹ́ dé sórí fóònù mi pé àwọn ará Ìbàdàn ń bọ̀ ní Ọjọ́rú. Mo ránṣẹ́ sí Àyándèjì, ọkùnrin tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ki okùn tí wọ́n fi ń gbọ́ wàláà sétí, ó gbọ́ ọ̀kan, ó gbọ́ èkejì, ó yọ okùn, ó wò mí.

“Ọ̀gá, ikọ́ yín ni ọmọ Igangan yìí ń hú.”

“Ikọ́ wo?”

“Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ hú yẹn.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó ní kò ṣeé ṣe, pé èèyàn lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ará Ìbàdàn ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pa á rẹ́ wà. Ó ń palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín. “Àfi tí ẹ bá fọ̀ wọ́n bíi wàláà ilé kéwú. Ìyẹn ni kò ní sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ láéláé.” Àwàdà ló ń ṣe, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi jókòó síbẹ̀. Mo ń rí orúkọ mi nínú ìwé ìròyìn, mo ń rí ọlọ́pàá tó ń bèèrè ọ̀nà ilé bàbá mi. Ọdún kan péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì.

Ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí ibí yìí ni mo máa ń fò nígbà tí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ náà fún ara mi. Kì í ṣe àṣìṣe. Mo mọ ohun tí Màmá Làtíífàt máa ṣe tó bá rí “fọ wàláà.” Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fa ojú ewé kan ya, mo kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, mo fi àmì sí i bí mo ṣe kọ́ ọ: “Màmá Làtíífàt, ẹ fọ gbogbo wàláà kí n tó ti Èrúwà dé.” Mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tábìlì. Mo wọ takisí lọ sí Èrúwà, níbi tí mi ò ní iṣẹ́ kankan, mo jókòó sí gáréèjì títí oòrùn fi rọ̀. Gbogbo ẹni tó bá wò mí lẹ́ẹ̀mejì ni mo rò pé ó ti mọ̀.

Nígbà tí mo padà dé, ó ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú àgbàlagbà rí. “Màmá Tóyọ̀sí, mo rí lẹ́tà mi. Mo kà á. Mi ò pe ẹnikẹ́ni kó bá mi wò ó. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo jókòó, mo sunkún díẹ̀, mo wá lọ pọnmi.” Ogójì wàláà ló tò sórí ẹní nínú oòrùn, omi ń kán lára wọn. “Mo kọ́kọ́ rò ó pé, ṣé omi ò ní ṣe wọ́n ní nǹkan? Mo tún ní, ẹni tó ni wọ́n ló kọ̀wé. Kànhìnkànhìn tuntun ni mo lò, mi ò ha wọ́n. Ọ̀kan tiẹ̀ ké díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́.” Mo sọ fún un pé kò burú.

Ní Ọjọ́rú, àwọn ará Ìbàdàn dé, ariwo sọ. Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ agbègbè wa jókòó lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rù kò ba Màmá Làtíífàt rárá, nítorí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ etí ìró. Èmi ni mo tọ̀ ọ́ lọ nírọ̀lẹ́. Mo ní kó mú un wá kí n bá a tọ́jú rẹ̀, kó má bàa sọnù kílẹ̀ tó mọ́. Ó tú u, ó nà án sí mi. “Ẹ bá mi dì í mú dáadáa o. Lẹ́tà àkọ́kọ́ mi ni.” Mo délé, mo tì í sábẹ́ ìkòkò tó wà lórí iná. Mo mú gègé kan náà, mo kọ òmíràn, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà àfi ọ̀rọ̀ kan: “Màmá Làtíífàt, ẹ nu gbogbo wàláà kí n tó ti Èrúwà dé.”

Àwọn mẹ́ta ló jókòó, Alhaji Àbdùlàhí ló ṣáájú wọn. Ó ní, “Ìyá, ta ló ní kí ẹ da omi sí ohun ìjọba?”

“Ọ̀gá ni, sà. Wọ́n kọ ọ́ síwèé. Mo kà á.”

Ẹnì kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin lẹ kà á?”

Mo fa ìwé yọ. Wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́ pé kó kà á sókè. Ó fi ìka tẹ̀ lé e bí mo ṣe kọ́ ọ. “Mà-má Là-tíí-fàt, ẹ...” Ó dúró. Ó dá ìka padà sẹ́yìn. “Ẹ n... nu.” Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Ó wá wò mí. “Ọ̀gá, ṣé nu ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

Mo ń wo ògiri. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Alhaji ní kí àwa méjèèjì búra. Wọ́n gbé Kùráánì síwájú Màmá Làtíífàt, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. “Rárá o, Alhaji. Ohun tí ojú mi ń rí báyìí, nu ni. Bóyá ojú ló tàn mí jẹ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jẹ́rìí sí ojú tí kò dá mi lójú.” Ẹ gbọ́ ẹni tí mo ṣe ibi sí. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn, síbẹ̀ kò fẹ́ búra èké. Ó wá kan èmi. Wọ́n ní, “Ọmọ alágbẹ̀dẹ, irin ńkọ́?” Kọ́kọ́rọ́ láíbìrì ló wà nítòsí. Mo fi ahọ́n kàn án. Mo ní nu ni mo kọ, pé tí mo bá parọ́, irin ni yóò pa mí. Ó tutù, ó ń ta bí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Mo ṣì ń tọ́ ọ wò títí di òní.

Ọjọ́ náà ni wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Fọ-wàláà. “Ìyá Fọ-wàláà, ẹ wá bá wa fọ tẹlifíṣàn.” Ti àwọn ọmọ abúlé yẹn, kò sẹ́ni tó tún bèèrè bóyá wọ́n mọ̀wé kà, kò sí wàláà mọ́. Nígbà tí mò ń palẹ̀ mọ́ láti wá síbí, Màmá Làtíífàt wá kí mi pé ó dàbọ̀. Ká ní ó ṣépè fún mi ni, ì bá sàn. Ó ní, “Ẹ ti gbìyànjú lórí mi. Ìwé ò bá orí tèmi mu ni. Mo ti kó àwọn ìwé tí ẹ fún mi fún alákàrà, kó máa fi pọ́n àkàrà tà.” Làtíífàt sọ fún ọmọ mi lórí fóònù pé láti ọjọ́ náà, ìyá òun ò ka ohunkóhun mọ́, ì báà ṣe orúkọ ìlú lára mọ́tò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ ìwé àti ti ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ká ní mo sọ pé ẹ̀rù ọ̀kadà ń bà mí ni, wọn ì bá rán ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Ẹ̀rù téèyàn bá fi pamọ́, tí ebi bá pa á, ọmọ ọlọ́mọ ló máa jẹ. Mo ti kọ̀wé sí Alhaji àti sí ọ́fíìsì pé èmi ni, kí wọ́n ṣe mí bó ṣe tọ́. Mi ò bẹ Ògún pé kó gbàgbé.

Màmá Làtíífàt ṣì wà láyé, ní Lanlate, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Mo ti kọ ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún un, orúkọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo fi àmì sí i. Kò gùn: “Màmá Làtíífàt, fọ ni mo kọ. Bó ṣe wà gan-an lẹ kà á. Èmi ni mo purọ́. Ẹ foríjì mí.” Làtíífàt, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má bá wọn kà á. Tí wọ́n bá nà án padà sí ọ, má gbà á. Gbé e lé wọn lọ́wọ́, kí o jókòó tì wọ́n, bó ti wù kó pẹ́ tó.