Oṣù Oyún Tí Mo Parọ́ Rẹ̀

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, nítorí n kò mọ ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọkùnrin kan wà nínú ilé mi ní Pobè, ọmọ ọdún márùn-ún. Èmi ni mo bí i. Ojú mi ló ní, ètè mi ló ní, àní bí ó ṣe ń fajú ro nígbà tí wọ́n bá bá a wí, èmi gan-an ni. Ṣùgbọ́n Mádàámù ni ó ń pè mí, bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń pè mí. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á dọ̀bálẹ̀, á ní, “Ẹ ṣé o, Mádàámù,” bí ẹni tó wá kí mi tí yóò padà sílé rẹ̀ lọ́la. Tí ó bá ṣubú tí orúnkún rẹ̀ bó, kì í sá tọ̀ mí wá. Ibi tó ṣubú sí ni yóò jókòó sí, tí yóò máa ké pe ìyá rẹ̀ tó wà ní Sakété. Ìyá wo? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni o! Àwọn aládùúgbò ń yìn mí pé ọmọ mi ní ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ̀kọ́ ilé kẹ̀! Ta ló ní kí ọmọ máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá tó bí i lọ́mọ? Ẹjọ́ ọmọ kọ́, ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi náà kọ́. Ẹnu èmi yìí ni mo fi sọ ọ́ nù, ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, níwájú ọ̀gá mi.

Olùkọ́ ni mí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Dahomé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, ìjọba sì ń wá àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó mọ̀wé láti fi dí àyè àwọn òyìnbó tó ń lọ. Bí wọ́n ṣe gbé mi kúrò ní Sakété ìlú bàbá mi nìyẹn, tí wọ́n ní kí n lọ máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Pobè. Ọkọ mi, tó jẹ́ aránṣọ, di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́rù, ó sì bá mi lọ. Olùkọ́ mẹ́fà ni wá, èmi nìkan ni obìnrin. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti bá ọkùnrin ṣiṣẹ́ rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Bí ọkùnrin bá pẹ́ dé, òjò ló dá a dúró. Bí èmi bá pẹ́ dé, obìnrin ni mí. Mo wá pinnu pé wọn kò ní rí nǹkan kan sọ sí mi. N kò ní parọ́ fún yín, mo gbéra ga díẹ̀ nígbà náà. Mo wọ bàtà tó ń dún, mo sì máa ń mọ̀ ọ́n-mọ̀ gba iwájú kíláàsì wọn kọjá.

Oyún àkọ́kọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ oṣù karùn-ún nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé ní oṣù kẹwàá. Ọ̀gá wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọmọ Gùn ni, ará Àjàṣẹ́, ó máa ń rọra sọ Yorùbá kí ó má baà ṣì í sọ. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìjọba ń fún abiyamọ ní kọnjé, ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá: mẹ́fà kí ó tó bímọ, mẹ́jọ lẹ́yìn tó bá bímọ tán. Ó fa ìwé yọ. “Mádàámù, oṣù wo ni ẹ ń retí? Kí n lè kọ ọ́ síbí.” Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan péré ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ tiwa, a kì í sọ oṣù oyún fún ẹni kẹ́ni. Àwọn àgbà ní a kò mọ etí tí yóò gbọ́, a kò mọ ohun tí ẹni náà yóò fi ṣe. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi ní Sakété kí n tó wọkọ̀. Ó ní, “Ẹni yòówù tó bá bi ọ́, fi kún un, àbí kó o yọ kúrò níbẹ̀. Má sọ ọ́ bó ṣe rí, o gbọ́?” Nítorí náà mo wo ojú ọ̀gá mi, mo ní oṣù kẹfà ti pé, pé àárín oṣù kìn-ín-ní ọdún tó ń bọ̀ ni mo ń retí. Irọ́ ni. Ìparí oṣù kejì ni.

Èmi náà ì bá máa di ẹ̀bi náà ru ìyá mi títí dòní, ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ ni mo ń ṣe. Ṣé ìyá mi kò sọ pé mo lè yọ kúrò nínú rẹ̀? Kí ló dé tí mo fi kún un? Nítorí pé ẹsẹ̀ mi ti ń wú ni. Nítorí pé ìdánwò oṣù Kejìlá ń bọ̀, ìwé àádọ́rin ọmọ ni ǹ bá jókòó tì, mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ àárín oṣù kìn-ín-ní, n ó ti wà ní Sakété lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Àṣà àwọn baba wa ni mo fi bojú. Ọ̀lẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Kọnjé mi bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sakété, inú mi dùn, mo sì ń rẹ́rìn-ín àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń fi ọwọ́ dídọ̀tí fún yíǹkì yẹ ìwé wò. Mo jẹun, mo sùn, ọyẹ́ ń fẹ́, ìyá mi ń fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀. Àárín oṣù kìn-ín-ní dé, ó kọjá. Ikùn mi wà níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí ka ọ̀sẹ̀ lórí ìka mi. Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ fi tọ́ ọmọ ni mo ń fi sùn! Lọ́jọ́ kan ọ̀gá wa pàdé ọkọ mi lẹ́bàá ọjà Pobè, ó bi í pé ṣé a ti gbóhùn ìyá, a ti gbóhùn ọmọ. Ọkọ mi kì í ṣe òpùrọ́, ojora ló mú un. Ó rántí pé mo ti ní kò gbọ́dọ̀ tú mi fó, ló bá ní a dúpẹ́, ọkùnrin ni. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn olùkọ́ ti fi ọpọ́n ìwẹ̀ ọmọ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ọṣẹ àti lẹ́tà tí gbogbo wọ́n fọwọ́ sí. Ọmọ tó ń ta mí nípàá nínú ni wọ́n ń kí káàbọ̀ sáyé. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ó kù díẹ̀ kí oṣù kejì parí ni mo bí Ràímì. A sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ó di ọjọ́ mẹ́tàlélógún tí mo bí i, kọnjé mi pé. Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò gbé e dání lọ sí Pobè? Ọ̀pọ̀ abiyamọ ló ń ṣiṣẹ́ tí ọmọ ń bẹ lẹ́yìn wọn. Ilé wa kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́, ǹ bá máa sáré lọ fún un lọ́mú. Ṣùgbọ́n gbogbo Pobè gbà pé ọmọ mi ti pé oṣù méjì! Ìyàwó àwọn olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ ya wọlé wá wò ó. Ọmọ oṣù méjì ti ń bá ènìyàn rẹ́rìn-ín. Tèmi, ọwọ́ la fi ń gbé ọrùn rẹ̀ dúró, kò tíì mọ bí a ti ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin wo ni a ó fi hàn tí kò ní mọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi Sikírátù, tó ń ta gàrí ní ọjà Sakété, tó sì ní ọmọbìnrin oṣù mẹ́wàá lọ́wọ́, ló gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní, “Lọ bá ọ̀gá rẹ, kúnlẹ̀, sọ fún un bó ṣe jẹ́. Ṣé ó máa pa ọ́ ni?” Mo ní ó máa fi mí ṣẹ̀sín, pé àwọn márùn-ún yòókù yóò máa fi mí ṣe àpẹẹrẹ obìnrin títí n ó fi kú. Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa, gbé e sílẹ̀ fún mi, omi ọmú mi tó àwọn méjèèjì. Àmọ́ oṣù kan péré o. Tó bá mọ́ mi lára tán, á le fún ọ.” Mo ní oṣù kan ti pọ̀ jù. Mo gbàgbọ́ nígbà tí mo ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé ni mo padà sí kíláàsì. Ọmọbìnrin kan ní ìjókòó iwájú nawọ́ sókè, ó ní, “Mádàámù, aṣọ yín tutù.” Mo wo àyà mi, omi ọmú ti gba aṣọ mi kan. Mo fi ìwé bò ó, mo ń kọ lẹ́tà sójú pátákó, omi ń bọ́ lójú mi, mo ní ẹfun ló kó sí mi lójú. Ní àkókò ìsinmi mo lọ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ń fún ọmú mi dànù sínú iyanrìn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí ilé ẹ̀kọ́ máa ń sinmi, ni mo ń lọ sí Sakété. Oṣù kan pé, mo wo ọmọ náà, mo ní ó ṣì kéré lójú. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní ọ̀gá àgbà kan ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ mi wò, mo pa Ọjọ́bọ̀ méjì jẹ. Nígbà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ dé ní oṣù keje, mo gba ọmọ mi lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ọmú sí i lẹ́nu. Ó yí ojú kúrò. Mo tún fi sí i. Ó tì í pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ kékeré, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó sì bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà á títí tí mo fi ní kó gbà á. Ó ní, “Má bínú, àbúrò mi,” òun náà ń sunkún.

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo gbé e wá sí Pobè nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́rin, a dá a padà. Ọdún yìí tó di ọmọ ilé ìwé ló tó dúró. Ọdún yìí kan náà ni mo tún lóyún. Ìyá mi tún ránṣẹ́ pé kí n pa oṣù rẹ̀ mọ́. Mo lọ bá ọ̀gá wa, ọ̀gá kan náà, mo sọ oṣù náà fún un bó ṣe rí gan-an, mo sì jẹ́wọ́ ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọpọ́n àti ọṣẹ. N kò lè gbàgbé bó ṣe wò mí. Ó ní, “Mádàámù, ìyàwó tèmi náà kò sọ oṣù oyún rẹ̀ fún mi rí. Ká ní ẹ sọ ọ́ ni, ǹ bá ya ìwé yẹn, kí n kọ òmíràn.” Ó lè ya ìwé kan! Nítorí ìwé kan tó ṣeé ya ni mo ṣe pàdánù ọmọ mi.

Mo ti bímọ báyìí. Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì lónìí, obìnrin ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣì kù fún mi, mo sì ti bẹ̀bẹ̀ fún oṣù méjì sí i tí wọn kò ní sanwó rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ ń sọ̀rọ̀. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Ní àárọ̀ yìí, mo ń fún ọmọ lọ́mú lórí ẹní, Ràímì wá dúró tì mí, ó ń wò ó. Inú mi dùn, nítorí kì í sábà sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà jẹ́jẹ́. Ó wọ yàrá, ó sì kó aṣọ ọmọ jáde, ó ká wọn dáadáa sínú ìdì kan. Ó ní, “Mádàámù, ọjọ́ wo la máa gbé e lọ sí Sakété?” Nígbà tó rí omi lójú mi, ó rọra fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn mi. “Ẹ má sunkún. Ìyá mi mọ ọmọ tọ́.”

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ̀yin tí ọmọ yín ń pè ní ìyá láìsí pé ẹ ń ronú sí i, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìdì aṣọ yẹn lórí itan rẹ̀, ó ń dúró kí n sọ ọjọ́ tí a ó lọ. Kí ni kí n sọ fún un?