Ààlè Tí Ó Ti Ojú Ọ̀run Bọ́ Sí Oko Bàbá Ràfátù

Ẹ jọ̀ọ́, òtítọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. N kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, n kò sì yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ tí mo pa ni mo wá jẹ́wọ́. Ọdún márùn-ún ni mo ti ń gbé ẹrù yìí kiri. Mo ń kọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, Ràfátù wá sí ẹnu ọ̀nà wa ní Igbó-Ọrà, ó sì bi bàbá mi ní ìbéèrè kan. Mo ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ fara balẹ̀ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ wá.

Ní ọdún tí ogun abẹ́lé parí, ìwé mẹ́rin ni mo wà. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀wé ní agboolé wa nígbà náà. Bí lẹ́tà bá dé, èmi ni wọ́n ń pè. Bí ìwé bá wà lára ìgò oògùn, èmi ni wọ́n ń pè. Bí mo bá ń kàwé fún wọn, bàbá mi a máa jókòó tì mí, ṣùgbọ́n ojú àwọn ènìyàn ni yóò máa wò, kì í wo ìwé. Bàbá Ràfátù, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ní ọ̀nà Ìdèrè, ló máa ń pè mí ní ìyàwó rẹ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á ní, "Ìyàwó mi akọ̀wé, ìgbà wo lo máa kọ lẹ́tà sí mi? Àbí o ti rí ọkọ mìíràn ní súkúù?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, wọ́n wá pè mí pé kí n wá sí oko. Nǹkan kan ń fì lórí igi irúgbá ńlá tó wà láàárín oko ẹ̀gúsí Bàbá Ràfátù. Àpótí funfun kékeré kan ni. Agboòrùn bébà kan wà lókè rẹ̀, rọ́bà tó ti fà ya sì so rọ̀ bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀. Atẹ́gùn ń gba inú rọ́bà náà kọjá, ó ń súfèé. Àpótí náà ń rùn bí oògùn egbò. Ilẹ̀ abẹ́ igi náà ṣì tutù, ṣùgbọ́n kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀.

Ní Ìbàràpá, ọmọdé pàápàá mọ ààlè. Bí olóko bá so àkísà tàbí ìkarahun mọ́ igi, ó ti sọ̀rọ̀ tán: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohun tó wà níbẹ̀ títí òun yóò fi dé. Gbogbo àwọn tó dúró lábẹ́ igi náà ní ààlè ni. Ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n ni pé òkè ló ti wá.

Bàbá mi ní, "Ẹ dákẹ́ ná. Ìwé wà lára ẹ̀. Ọmọ mi á kà á."

Wọ́n gbé mi lé èjìká. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìlà mẹ́rin péré. Ẹ jọ̀ọ́, n kò lè kà á. "Ẹ má ṣe" tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kìn-ín-ní nìkan ni mo mọ̀. Ìyókù ṣókùnkùn sí mi. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí bàbá mi. Ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ènìyàn.

Mo gbé ohùn sókè, mo ní: "Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ohun yìí. Ẹ má ṣe kọ ebè sí ibi tó bá bọ́ sí, títí ẹni tó ni ín yóò fi wá gbé e."

Ọ̀rọ̀ ààlè tí wọ́n ń sọ nísàlẹ̀ igi ni mo gbé lé ìwé náà lórí.

Ẹnì kan ní, "Ta ni ẹni náà?" Mo ní kò kọ orúkọ.

Bàbá Ràfátù wo òkè títí. Ó ní, "Ìjọba ni o, ará ọ̀run ni o, ẹni tó gba òkè wá pa ààlè, kì í ṣe ẹni tí mo lè bá fà á. Mo máa dúró dè é." Ó wá fọwọ́ pa mí lórí. "O ṣé, ìyàwó mi. Ká ní o ò sí níbí, mi ò bá ti gun igi yẹn."

Mo rò pé ọjọ́ mélòó kan ni, pé ẹnì kan yóò wá.

Kò sí ẹni tó wá. Ẹ̀gúsí tó ti gbìn kò mọ̀ pé wọ́n ti pààlè. Ó fà, ó sì so. Bàrà kún inú koríko bí orí àwọn ènìyàn tí a rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn. Kò sí ẹni tó ká ọ̀kan. Wọ́n jẹrà síbẹ̀, irúgbìn inú wọn sì hù láti ara wọn jáde.

Ní ọdún kejì, òjò pẹ́ púpọ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí Bàbá Ràfátù láti òkèèrè. Àwọn obìnrin a máa súnra sẹ́yìn bí ìyá Ràfátù bá dé odò. Ẹnì kan sọ fún un lójú pé, "Bàbá, ẹ lọ bẹ ẹni tí ẹ ṣẹ̀ lókè, kí àwa náà lè rómi mu." Ní òpin ọdún náà, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ayétẹ̀, sọ́dọ̀ àwọn ará ìyá rẹ̀. Ó sọ fún bàbá mi pé, "Ẹ bá mi máa wo òkè. Ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá dé ni màá padà wálé."

Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nísinsìnyí, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Èrúwà. Ní ọdún yìí, tíṣà jọ́gíráfì wa fi àwòrán kan hàn wá: àpótí funfun, agboòrùn bébà, rọ́bà. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ ń fi rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ kún gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ lọ sókè réré láti wọn ósónù, afẹ́fẹ́ kan tó ta bo ayé bí agboòrùn kí ìtànṣán oòrùn má baà jó wa. Ó ní ósónù yìí kì í dúró sójú kan. Ní ọdún mìíràn á nípọn, ní ọdún mìíràn á fẹ́lẹ́, àwọn kan sì ti ń fura sí òkun.

Ó ní òkun ńlá kan wà ní òdì kejì ayé tó máa ń gbóná fúnra rẹ̀, tó sì máa ń tutù fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó rán an. Bí ó bá gbóná, afẹ́fẹ́ á ru sókè kíkankíkan, á sì ti ósónù kúrò lókè ilẹ̀ olóoru lọ síhà ilẹ̀ olótùútù. Bí ó bá tutù, ósónù á tún rọra padà.

Ọmọkùnrin kan ní, "Sà, kí ló kàn wá? A ò ní òkun ní Ìbàràpá."

Tíṣà ní, "Ẹ̀yin lẹ ò ní òkun. Òkun ní tiẹ̀ ní yín."

Mo béèrè bóyá òkun kan náà lè dá òjò dúró. Ó ní ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe gùn tó, lórí òjò tàbí lórí ósónù, ó ní wọ́n ṣì ń wọ̀n ọ́n.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù mìíràn ni ó ń bà mí. Tẹ́lẹ̀, mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lókè àyàfi irọ́ mi. Nísinsìnyí, mo mọ̀ pé nǹkan kan wà tí kò mọ orúkọ wa, tó jìnnà réré, tó ń mí sókè orí oko náà. Kò sì rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Èmi ni mo fi ẹnu sí i.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo lọ sí oko náà. Igbó ti bò ó. Okùn ti já, àpótí náà sì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà ṣì wà lókè. N kò rí ewé kan kó mì. Síbẹ̀, mo gbọ́ súfèé náà. Láílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi bo ìwé ara àpótí náà, kò tíì parẹ́. Mo kà á. Mo tún un kà.

"Ẹ má ṣe bẹ̀rù. Ohun yìí kò léwu. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, kò sí ẹni tí yóò wá gbé e. Ẹni tó bá rí i ló ni ín."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má ṣépè fún mi. Mo ti kọ lẹ́tà sí Bàbá Ràfátù lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fa méjèèjì ya. Kò sí ẹni tó mọ̀wé nílé wọn ní Ayétẹ̀. Ọmọ súkúù kan ni wọn yóò pè kí ó wá kà á. Bí mo bá sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́, bàbá mi yóò gbọ́, òun tó ṣì ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọmọ òun ló ka ìwé ojú ọ̀run.

Ní ọjọ́ ọjà tí mo wí, Ràfátù ní ẹsẹ̀ bàbá òun kò gbé e mọ́. Ó ní ó ń wù ú kó tún fojú kan oko rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tàpá sí ààlè. Ó ní, "Bàbá ní kí n bi yín, sà. Ṣé ẹni tó ni ín ti dé?"

Bàbá mi ní, "Kò ì dé, ọmọ mi. A ṣì ń wo òkè."

Ràfátù wá yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá ní kí n kí ìyàwó òun akọ̀wé."

Ó ń padà bọ̀ ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ìbéèrè kan náà ni yóò sì béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un nígbà tó bá tún bi wá pé ṣé ẹni tó ni ín ti dé?