Àdúà tí Múnírù Ní Kí Wọ́n Bá Òun Ṣe fún Sàkínà

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, àti ẹ̀yin aládùúgbò wa tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí ṣùgbọ́n tí ẹ wá jókòó tì wá, kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá gbogbo wa gbé. Ọ̀rọ̀ àmáánà, ohun tí a fi síni níkàáwọ́ pé kí a pa mọ́, ni ti òní. Àṣírí tí ènìyàn bá fi sí ọ lọ́wọ́, àmáánà ni. Ìlara sì ni olè tó máa ń jí i gbé jù.

Ní Ìwó ni Múnírù àti Sàkínà ti jọ ka Kùránì parí, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe wòlímọ̀. Nígbà tí wọ́n dàgbà, àwọn méjèèjì kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì jọ ń ṣe ẹ̀rọ orí fóònù kan fún àwọn aláìsàn. Aláìsàn á kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí i, á tì í pa, kò sì sẹ́ni tí yóò rí i àfi dókítà tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà gan-an kò lè ṣí i. Ẹ ò rí i pé ohun rere ni? Òmíràn wà lóde tó jẹ́ pé bí o bá ti kọ orúkọ sí i báyìí, wọ́n ti tà ọ́ fún àwọn olóògùn.

Kí ló gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ sí Sàkínà lọ́kàn? Wárápá ń ṣe é láti kékeré. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, Múnírù nìkan ló sọ fún.

Nígbà tó yá, ohùn wọn kò ṣọ̀kan mọ́, kálukú ń dá tirẹ̀ ṣe. Ilé ìwòsàn kan gba ti Sàkínà, òmíràn tẹ̀ lé e. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í korò lẹ́nu Múnírù. Bí ẹnìkan bá yin Sàkínà, á rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á sì máa ta á bí egbò. Ìyá rẹ̀ tún wá dá kún un: “Ọmọ yẹn mà ń gbìyànjú o. Ìwọ ńkọ́?” Bó bá forí kanlẹ̀ lórí ìrun, oríire Sàkínà ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ṣé ìrun nìyẹn?

Àlàájà Ṣàdíà, obìnrin olówó kan tó máa ń fi owó ti òwò àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn, wá ní òun yóò ti ẹnìkan lẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí. Kí kálukú wá ṣàlàyé tirẹ̀. Àsàlátù kan náà, ìpéjọ àdúà ọjọ́ Àìkú, ni Àlàájà àti àwọn méjèèjì jọ ń ṣe.

Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe ní àsàlátù. Ẹni tó bá ní ẹ̀dùn á mú sàráà wá, á sọ ọ́ sí àlùfáà létí, àlùfáà á kéde rẹ̀, gbogbo wa á ṣe àmín. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìpàdé yẹn, Múnírù mú sàráà wá, ó sọ tirẹ̀ sí àlùfáà létí. Àlùfáà rò pé àánú ló ń ṣe é, ló bá kéde pé arákùnrin wa Múnírù ní kí a bá òun tọrọ ìwòsàn fún Sàkínà lọ́wọ́ wárápá tó ń bá a jà.

Àmín Múnírù ló ròkè jù. Sàkínà wà láàárín àwọn obìnrin níbẹ̀. Ó fa híjáàbù rẹ̀ bo iwájú, kò gbójú sókè mọ́. Ẹni tó jókòó tì í sún ẹní rẹ̀ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ wárápá kì í ranni. Ìyá àgbàlagbà kan sì ń kí Múnírù pé, “Ọkọ mi, aláàánú ni ọ́.” Ó dùn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Sàkínà kò wá. Múnírù sọ̀rọ̀, ó já geere. Ó ní bí wọ́n bá tilẹ̀ na ìbọn sí òun, àṣírí aláìsàn kan kò lè jáde. Àlàájà ń mi orí.

“Múnírù, ọmọ mi, ta ló sọ ti wárápá Sàkínà fún ọ?”

“Òun fúnra rẹ̀ ni, mà.”

“Ó ní kí o kéde rẹ̀?”

“Àdúà ni mo ní kí wọ́n ṣe fún un, mà.”

“Ọlọ́run kì bá tí gbọ́ ọ, bí o kò bá gba ẹnu gbohùngbohùn?”

Múnírù pa fóònù tó fi ń ṣàlàyé, ó fi sí àpò.

“Ẹ̀rọ rẹ dára,” ni Àlàájà wí. “Ṣùgbọ́n àṣírí ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n fún ọ pa mọ́, o kò lè pa á mọ́. Ṣé ti gbogbo ìlú ni màá wá kó fún ọ?”

Àlàájà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sílé Sàkínà, ibẹ̀ ni owó náà sì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń sún ẹní wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn. Múnírù sunkún tọ àlùfáà lọ, ó ní kí ó bá òun bẹ Ọlọ́run. Àlùfáà ní ẹ̀tọ́ ènìyàn ló jẹ, ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ni kó kọ́kọ́ lọ bẹ̀. Múnírù ti dé ẹnu ọ̀nà Sàkínà lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà, nítorí ó gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, ó ń rẹ́rìn-ín, ìlara náà sì tún ru sókè nínú rẹ̀.

Ará mi, ta ni ìwọ náà ń fi àdúà tú àṣírí rẹ̀? Yáà Ọlọ́run, fọ ìlara kúrò lọ́kàn wa, fún ẹnu wa ní ìjánu, má sì jẹ́ kí a kú pẹ̀lú ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn. Àmín.