Ológbò Tó Ń Gba Ààwẹ̀

Ẹ̀yin jàmáà, kí àlàáfíà Ọlọ́hun bá gbogbo wa jókòó. Ọ̀rọ̀ àánú ni mo fẹ́ sọ lónìí, àánú fún ohun tí kò lẹ́nu láti wí tirẹ̀. Ìyá tó ń tòògbé lẹ́yìn yẹn, ẹ jí o, ìtàn ológbò ni!

Ẹ mọ Alhaji Músáfáù tó ń ta ìrẹsì? Òun nìyẹn lábẹ́ fáànù, òun ló ní kí n sọ ọ́. Ológbò rẹ̀, Dúdúyẹmí, ló ń ṣọ́ ìrẹsì lọ́wọ́ eku. Bí a bá pa ẹran Iléyá, ti ológbò yìí ni Alhaji kọ́kọ́ ń gé.

Nínú ààwẹ̀ èṣí, ó gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ṣé kò ṣe dáadáa? Ó ṣe dáadáa! Dókítà ẹran wá kìlọ̀ fún un: “Ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀, ó lè má fẹ́ jẹun. Ẹ jẹ́ kó sinmi níbi tí kò ti sí ariwo, kí omi wà nítòsí rẹ̀. Bí kò bá gbádùn, ẹ gbé e padà wá.” Alhaji ní òun ti gbọ́. Ìrẹsì ló ń rò.

Lọ́jọ́ kejì, Dúdúyẹmí ká jọ sẹ́yìn àpò, kò jẹ ẹja, kò kúrò lójú kan. Nígbà tó di àsìkò ìrun Àìlà, Alhaji pàtẹ́wọ́: “Súbúháànà-lọ́là! Ológbò mi ń gba ààwẹ̀!”

Làdúgbò bá rọ́ dé. Wọ́n ń ya fọ́tò. Ìyá kan ní kí ológbò bá òun ṣàdúà fún ọkọ ọmọ òun. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, èmi Alfa yín náà lọ. Mo mirí, mo ní, “Màṣà-Àlláhù, ó mà sàn ju àwọn ọ̀dọ́ wa lọ!”

Ìyàwó Alhaji, Ìyá Sàúdátù, gbé omi wá. Alhaji figbe ta: “Ṣé o fẹ́ ba ààwẹ̀ ẹlẹ́ni jẹ́ ni?” Nígbà tó di ìṣínu, ẹ gbọ́ ohun tó gbé síwájú ológbò. Dàbínù! Ológbò yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Alhaji ní, “Ẹ ò rí i, tọ̀sán-tòru ló ń gbà á!”

Lọ́jọ́ kẹta, imú Dúdúyẹmí ti gbẹ, kò lè gbórí mọ́. Ìyá Sàúdátù kúnlẹ̀ níwájú mi láàárín èrò. “Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé aláìsàn ń gba ààwẹ̀?”

Mo ní, “Rárá o. Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda fún un.”

“Ta wá ni ara rẹ̀ kò yá nínú ilé yìí, tí ẹ pagbo yí i ká?”

Jàmáà, ojú tì mí. Alhaji bú sẹ́kún: “Dúdúyẹmí, forí jì mí!” A lé èrò jáde, a ti ilẹ̀kùn, a gbé omi sí i lẹ́nu. Ó lá a lẹ́ẹ̀kan. Ó lá a lẹ́ẹ̀kejì. Alhaji ń kà á sókè bí ẹni ń ka ràkáà. Nígbà tí wọ́n gbé e padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní ibà abẹ́rẹ́ ti lọ tipẹ́, òùngbẹ àti ariwo wa ló kù lára rẹ̀. Ó tọ́jú rẹ̀, ó sì dá a padà fún wọn.

Lọ́jọ́ kẹrin, lásìkò sààrì, Alhaji lọ ṣan ọwọ́. Kó tó padà dé, ẹja díndín rẹ̀ ti wọ ikùn ológbò. Omi lásán ni Alhaji fi ṣe sààrì lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ló sì ń rín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìwọ ńkọ́? Ẹni tó dákẹ́ nínú ilé rẹ, tí o ń pè ní onísùúrù, ṣé o ti bi í bóyá ara rẹ̀ yá? Ọlọ́hun, fún wa ní ojú tí yóò rí òùngbẹ kó tó rí iṣẹ́ ìyanu. Má jẹ́ ká sọ ìnira ẹlòmíràn di láádá tiwa. Ẹ ṣe àmín, kí ẹ sì tètè lọ sílé lọ béèrè.