Rọ̀fíá Ló Ń Kàwé, Mo Ní Irọ́ Ló Ń Pa

Ìyá tó bí bàbá mi, nílé wa ní Ifọ̀, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn adìẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ fún mi. Ìtàn sísọ ló kọ́ mi, kò kọ́ mi ní irọ́ pípa. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe tirẹ̀. Tèmi ni, ó sì ti ń rà nínú mi láti nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Tíṣà ni mí, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mowé. Àwọn ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ kọ lẹ́tà pé kí n wá bá àwọn tíṣà tuntun sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n kọ́ wọn bí a ṣe ń mú kí ọmọdé fẹ́ràn ìwé kíkà. Nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà náà sí gbogbo wa létí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pàtẹ́wọ́. Mo jáde lọ sẹ́yìn kíláàsì, mo lọ bì.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́. Àwọn kan fi páálí ìwé ta ilé-ìwé wa lọ́rẹ, ìwé ìtàn Yorùbá tó ní àwòrán. Ọ̀gá wa obìnrin ní òun fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ka ọ̀kan nínú wọn kí alábẹ̀wò tó ti Owódé Ẹ̀gbá dé.

Ẹ wò ó, èmi fúnra mi kì í kàwé. Mo mọ̀ ọ́n kà o, mi ò kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Mo gbà pé ìtàn tó wà lẹ́nu mi dùn ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ sórí tákàdá lọ. Mo ṣí ìwé àkọ́kọ́, irú rẹ̀ sì kárí kíláàsì mi, mo rí àwòrán adìẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ lábẹ́ igi ọ̀pẹ. Mo ní, háà, mo mà mọ ìtàn yìí! Mi ò ka ìlà kan níbẹ̀. Mo pa ìwé dé, mo dojú kọ àwọn ọmọ, mo ké pé, "Àlọ́ o!" Wọ́n ní, "Àlọ̀!"

Mo sọ fún wọn bí ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe jí ẹyìn nínú oko ọba, tó lọ da èèpo rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà adìẹ, tí wọ́n fi mú adìẹ lólè, tí adìẹ sì búra pé òun yóò wá ẹyìn náà rí, ìdí nìyẹn tó fi ń ha ilẹ̀ títí dòní. Àwọn ọmọ gbádùn rẹ̀. Ojoojúmọ́ la ń sọ ọ́, tí a ń gbe orin rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, wọ́n ti mọ̀ ọ́n sórí bí orúkọ wọn. Mo wá kọ́ wọn ní ibi tí wọ́n yóò ti máa ṣí ewé ìwé. "Tẹ́ ẹ bá ti dé 'adìẹ búra', ẹ ṣí i." Mo ní kí wọ́n máa fi ìka tẹ̀lé ìlà, kó lè jọ ìwé kíkà.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò kọ́kọ́ pè é ní ẹ̀tàn. Mo ní bí wọ́n bá ti fẹ́ràn ìtàn, wọn yóò fẹ́ràn ìwé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́, ṣe ni mò ń kó ìwé náà padà, tí mò ń ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ọn, kó má baà dọ̀tí. Báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ fẹ́ràn ohun tí wọ́n tì mọ́lé?

Ọmọ kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Rọ̀fíá. Bàbá rẹ̀ ń lẹ táyà létí títì. Bàbá náà kò kọjá A, B, D, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ wọ́n sára táyà fún ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì ti ibẹ̀ gòkè lọ. Ó ń ka ara agolo, ó ń ka ẹ̀yìn mọ́tò, ó ń ka bébà tí wọ́n fi wé àkàrà. Mo mọ̀. Nígbà tí mo bá gbàgbé láti ti kọ́bọ́ọ̀dù, tó bá sì jẹ́ pé òun ló ń gbá kíláàsì, inú ìwé ni mo máa ń bá a, ìgbálẹ̀ lábíyá.

Ọjọ́ àbẹ̀wò dé. Obìnrin kan tí ojú rẹ̀ tutù ló wá. Àwọn ọmọ ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń "kà". Ọ̀kan nínú wọn, Ṣẹ́gun, dorí ìwé tirẹ̀ kodò, orí adìẹ wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, ó sì ń kà á lọ ràì. Mo rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rọra yí ìwé náà padà, mo rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí mọ̀wé o! Tíṣà, kí lẹ fún wọn jẹ?"

Ó wá kan Rọ̀fíá. Ó fi ìka sórí ìlà àkọ́kọ́, ó kà á pé, "Ara adìẹ kò yá. Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ pọn omi wá fún un."

Ṣẹ́gun ló kọ́kọ́ ké: "Sà, kò gbọ́ ìtàn yẹn dáadáa!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Rọ̀fíá wò mí. Ó ní, "Sà, ohun tí wọ́n kọ síbí nìyẹn."

Obìnrin náà na ọwọ́ pé kí òun wo ìwé ọ̀hún. Mo já ìwé gbà lọ́wọ́ ọmọ náà kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tó ń dójú tì mí di òní. Mo ní, "Mà, ẹ má dá a lóhùn. Ọmọ yìí kò mọ̀wé. Àwòrán ló kàn ń wò, tó ń hun irọ́."

Èmi! Èmi tí mo wo àwòrán, tí mo hun gbogbo rẹ̀.

Àánú ṣe obìnrin náà. Ó fọwọ́ pa ọmọ lórí, ó ní, "Máa gbìyànjú, ṣó o gbọ́?" Ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìwà ẹ̀gbin mi kò parí síbẹ̀. Nígbà tí àlejò lọ, mo ní kí Rọ̀fíá kúnlẹ̀, kó dojú kọ ògiri. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Òpùrọ́-Ìwé. Mo gbọ́, mi ò bá wọn wí. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi díẹ̀, torí níwọ̀n ìgbà tí òun bá ti jẹ́ òpùrọ́, èmi ṣì jẹ́ tíṣà.

Ní ìparí ọdún, mo kọ ọ́ sínú èsì rẹ̀ pé kò lè kàwé, mo sì ní kó tún kíláàsì ṣe. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kó má lọ bá tíṣà mìíràn tí yóò gbọ́ ọ nígbà tó bá ń kàwé.

Bàbá rẹ̀ wá bá mi, epo dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, tíṣà. Ọmọ yìí ń kà á fún mi nílé ni o."

Mo ní, "Bàbá Rọ̀fíá, ṣé ẹ̀yin náà mọ̀wé ni, tẹ́ ẹ fi mọ̀ pé òótọ́ ló ń kà?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, sà."

Rọ̀fíá tún kíláàsì ṣe lọ́dọ̀ mi, kò sì ṣí ìwé kankan mọ́. Bí mo bá pè é, yóò kàn máa wò mí ni. Kí ọdún yẹn tó parí, bàbá rẹ̀ mú un kúrò, ó ní bí ìwé bá kọ ọmọ, kó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n kó lọ sí Ìbafo.

Èmi ńkọ́? Wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí, pé tíṣà tó ń mú ọmọ fẹ́ràn ìwé ni mí. Ó wà lára ògiri pálọ̀ mi. Ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí i tí mo bá ń jẹun.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé Rọ̀fíá padà wá. Ó ti di ìyá ọmọ, ó ń ránṣọ, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sí ilé-ìwé wa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ò rántí mi ni? Rọ̀fíá ni, olódo yín àtijọ́." Ó sì rẹ́rìn-ín.

Mo na fọ́ọ̀mù sí i. Mo rí i tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìlà àkọ́kọ́, tí ètè rẹ̀ ń mì, tó ń bá ọ̀rọ̀ lọ geere. Lójijì ó fa ojú kúrò, bí ẹni tí ìkòkò gbígbóná jó lọ́wọ́. Ó ti fọ́ọ̀mù padà sọ́dọ̀ mi.

Ó ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́, sà. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé èmi ò mọ̀wé. Ẹ ní sùúrù fún mi nígbà yẹn, Ọlọ́run á san án fún yín. Ọmọ yìí ni kẹ́ ẹ bá mi mójú tó, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ kó jọ mí."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo mú báírò, mo kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó kan ibi ìfọwọ́sí, mo gbé íńkì wá fún un, mo di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, mo tẹ̀ ẹ́ sórí tákàdá. Mo ní, "Kò burú, ọmọ mi." Ọwọ́ mi yìí! Mo fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kẹ́ ẹ bá mi wí àwáwí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi lè bọ́, ìyẹn kò tó nǹkan mọ́ lójú mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ojú Rọ̀fíá, nígbà tó bá mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe orí òun rí, pé èmi ni mo jí ìwé kíkà gbé mọ́ òun lọ́wọ́. Bí mo bá sì dákẹ́, yóò máa kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Rọ̀fíá, ṣé ẹ ó fẹ́ kí n wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù, kí n wá sọ fún yín pé ẹ mọ̀wé kà?